Káàdì Tí Kò Ní Àmì: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Lórí Àfikún Eré BANG! Tí A Ṣe Ní Èkó

Àfikún káàdì 20 tí àwọn ọ̀dọ́ méjì nínú ẹgbẹ́ eré wa ní Sùúrùlérè ṣe fún eré BANG! ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí. Àfikún náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Nígbà tí a wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, a rí i pé ohun tó bẹ́ sílẹ̀ lórí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ náà ti wà nínú àwọn káàdì wọ̀nyí láti ìgbà tí wọ́n ti ń yà wọ́n lórí kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo máa ń kọ àbájáde eré sílẹ̀ fún ẹgbẹ́, mo wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹgbẹ́ ló sì ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ kí ẹni tó bá tún fẹ́ ṣe irú àfikún bẹ́ẹ̀ lè rí i kà.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà, ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan, Emiliano Sciarra, ló ṣẹ̀dá rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí à ń pè ní dV Giochi lónìí sì gbé e jáde ní ọdún 2002. Ìlú àwọn oníbọn àti àwọn adaran ti ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà láyé àtijọ́ ló fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ènìyàn 4 sí 7 ló lè ta á. Bí àwọn 7 bá pé, Ṣẹ́ríìfù 1, Igbákejì 2, Ọ̀daràn 3 àti Ọ̀dàlẹ̀ 1 ni yóò wà lórí ìjókòó, Ṣẹ́ríìfù nìkan ni yóò sì ṣí ipò tirẹ̀ síta; àwọn yòókù yóò fi tiwọn pa mọ́ títí wọn yóò fi kú. Àwọn Ọ̀daràn ń wá ikú Ṣẹ́ríìfù. Ṣẹ́ríìfù àti àwọn Igbákejì rẹ̀ ń wá bí wọn yóò ṣe pa àwọn Ọ̀daràn àti Ọ̀dàlẹ̀ tán, nígbà tí Ọ̀dàlẹ̀ ń wá bí òun nìkan yóò ṣe ṣẹ́kù. Nígbà tí ó bá kan ènìyàn, yóò fa káàdì 2, yóò lo èyí tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ lo ju káàdì BANG! kan lọ, ìyẹn káàdì tí a fi ń yìnbọn, àfi bí ìbọn tó wà níwájú rẹ̀ tàbí ẹ̀bùn ẹni tó ń ṣojú fún bá fún un láyè. Bí a ṣe jókòó yípo tábìlì ni a fi ń mọ bí ẹnì kan ṣe jìnnà sí ẹnì kejì tó, ìbọn tí ènìyàn bá sì gbé síwájú ló ń sọ ibi tí ọta rẹ̀ lè dé.

Káàdì 80 ló wà nínú ọjà, ìyẹn àkójọ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ní àárín tábìlì, gẹ́gẹ́ bí gbogbo àwa tí wọ́ọ̀tì tọ́ dàgbà ṣe ń pè é. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí ni igun ìsàlẹ̀ káàdì kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ni wọ́n tẹ àmì káàdì àtijọ́ sí, yálà ọkàn pupa, dáyámọ́ǹdì, kílọ́ọ̀bù tàbí sípéèdì, pẹ̀lú nọ́ńbà tàbí lẹ́tà tó bá a rìn. Àmì yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ rárá, nítorí òun ni eré náà fi ń dán oríire ènìyàn wò. Ẹni tí wọ́n fi káàdì Ẹ̀wọ̀n dè yóò ṣí káàdì tó wà lókè ọjà nígbà tí ó bá kàn án: bí ó bá jẹ́ ọkàn pupa, ó jáde, ó ń bá eré rẹ̀ lọ; bí ó bá jẹ́ òmíràn, ìgbà rẹ̀ ti fò ó nìyẹn. Ẹni tó gbé Àgbá síwájú, tí wọ́n wá yìnbọn fún, lè ṣí káàdì bákan náà, bí ọkàn pupa bá sì jáde, ọta ti tàsé. Dáínámáìtì ní tirẹ̀ ń wá sípéèdì láti orí 2 títí dé 9; bí ó bá rí i, ó bú gbàmù, ẹ̀mí 3 sì lọ lára ẹni tó bá wà níwájú rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tó ni eré yìí ti ṣe àfikún púpọ̀ fún un, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì máa ń gbà ṣe é. High Noon, tó jáde ní 2003, jẹ́ káàdì 13 tó dá dúró lọ́tọ̀. Wọn kì í dà á pọ̀ mọ́ ọjà. Ṣẹ́ríìfù ló ń ṣí ọ̀kan nínú rẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá kàn án, láti ìgbà rẹ̀ kejì lọ, ohun tó bá sì wà lórí káàdì náà yóò de gbogbo ìlú títí yóò fi tún kan Ṣẹ́ríìfù. Dodge City, tó tẹ̀lé e ní 2004, gba ọ̀nà kejì: káàdì 40 ló mú wá fún ọjà, wọ́n ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ 80 ti tẹ́lẹ̀, ó sì jẹ́ kí ẹni 8 lè jókòó. Kí òǹkàwé fi ọ̀nà méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Ẹgbẹ́ wa kò ní ọ̀kankan nínú àwọn àfikún wọ̀nyí. Páálí ìpìlẹ̀ nìkan ni ẹ̀gbọ́n tó ni ilé tí a ti ń pàdé, nítòsí òpópónà Adéníran Ògúnsànyà, rà bọ̀ láti òkè òkun. Ohun tó ń dà wá láàmú ni ọ̀ràn ẹni tó bá tètè kú. Nínú BANG!, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá tán ti jáde pátápátá, ìbáà jẹ́ pé àwọn yòókù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni. Nílùú mìíràn, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jókòó kó máa wòran. Ní Èkó, ẹni tó ń gbé Ìkòròdú, tí wọ́n bá ti pa lẹ́yìn ìyípo méjì, yóò wo aago, yóò rántí ojú ọ̀nà, yóò sì dìde pé kí àwọn máa bá a lọ. Bí ẹni méjì bá ti lọ bẹ́ẹ̀, kò sí ènìyàn fún eré kejì mọ́. Èyí ló mú kí ayàwòrán kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Yàbá àti àbúrò kan tó ṣì wà ní yunifásítì dábàá pé àwọn yóò ṣe àfikún tí yóò máa pe òkú padà.

Wọ́n sọ àfikún náà ní Ojúẹlẹ́gba. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára. Nínú àwòrán káàdì Ọ̀kadà, ọkùnrin kan jókòó sẹ́yìn alùpùpù, ó di ewúrẹ́ mú lórí itan, ewúrẹ́ náà ń wo ẹni tó mú káàdì dání bí ẹni pé òun ló ń wa alùpùpù. Ọ̀kadà ń mú kí gbogbo ènìyàn sún mọ́ ẹni tó ni ín ní ìwọ̀n 1. Àmàlà ń dá ẹ̀mí 1 padà bíi ti Bíà. Agbèrò ń gba káàdì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó wà lápá ọ̀tún àti ẹni tó wà lápá òsì. Irú ohun èlò àti ìwà báyìí jẹ́ 12. Àwọn 8 yòókù jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ tó kan gbogbo ìlú: Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tó ń fi ìwọ̀n 1 kún ọ̀nà láàárín gbogbo ènìyàn fún odindi ìyípo kan, Iná Lọ, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yìnbọn kọjá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti Ará Ọ̀run, tí gbogbo àfikún náà tìtorí rẹ̀ wáyé. Bí Ará Ọ̀run bá jáde, gbogbo òkú yóò padà wá ṣeré fún ìgbà kan ṣoṣo, wọn yóò fa káàdì 3 dípò 2, kò sí ẹni tó lè pa wọ́n, nígbà tí wọ́n bá sì ti ṣe tán wọn yóò padà sí ibi tí wọ́n ti wá. Káàdì kan wà nínú High Noon tó ń jẹ́ Ghost Town tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mú un. Wọn kò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Gbogbo 20 náà ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ọjà. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ń yìnbọn, kò sì sí ọ̀kankan tó ní àmì ní igun rẹ̀. Ṣómólú ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, lọ́dọ̀ ìtẹ̀wé kan tí kò ní ẹ̀bi kankan nínú ohun tí n óò sọ, nítorí ohun tí wọ́n gbé fún un ló tẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo ń sọ, àwọn 7 ló jókòó, èmi ń kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n onílé ló kọ́kọ́ kú, wọ́n ṣí ipò rẹ̀, Igbákejì ni. Nígbà tó yá, ó ku ẹ̀mí 1 péré lára Ṣẹ́ríìfù, ìyẹn olùkọ́ ìṣirò kan nínú wa. Ayàwòrán, tí òun náà jẹ́ Igbákejì, fura sí àǹtí kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó sì fi Ẹ̀wọ̀n dè é kí ó má baà lè yìnbọn. Ìfura rẹ̀ tọ̀nà. Ìbọn Schofield ló wà níwájú àǹtí, ọta rẹ̀ ń dé ìwọ̀n 2, ibẹ̀ gan-an ni Ṣẹ́ríìfù sì jókòó sí.

Ó kan àǹtí. Ó na ọwọ́ sí ọjà, ó ṣí káàdì òkè, Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló jáde, pẹ̀lú mọ́tò aláwọ̀ ìyeyè tó tò lọ rẹrẹ. Gbogbo wa wo igun ìsàlẹ̀ káàdì náà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Àǹtí ní káàdì tí kò ní àmì kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, nítorí náà òun yóò ṣí òmíràn. Ayàwòrán ní kò rí bẹ́ẹ̀: òfin sọ pé ọkàn pupa ló ń ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n, ohunkóhun tí kò bá ti jẹ́ ọkàn pupa, ẹni náà wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìwé òfin eré kò sọ nǹkan kan lórí rẹ̀, kò sì lè sọ, nítorí kò sí káàdì tí kò ní àmì nínú ọjà tí wọ́n kọ ọ́ fún. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ẹnì kan ní kí a bi ẹ̀gbọ́n, torí pé òun ti kú, kò sí èrè tàbí àdánù fún un mọ́. Bí òkú ṣe di adájọ́ nìyẹn. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ẹ jẹ́ kó ṣí òmíràn. Ohun tí kò sọ̀rọ̀, a kì í gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu rẹ̀.” Àǹtí ṣí òmíràn: Bíà, 9 ọkàn pupa. Ó jáde ní ẹ̀wọ̀n, ó fa káàdì 2, ó yìnbọn. Ṣẹ́ríìfù kò ní Missed!, káàdì tí a fi ń yẹ ọta, lọ́wọ́, kò ní Bíà, kò ní Àgbá. Àwọn Ọ̀daràn gba eré. Kí a má ṣàì sọ ọ́ pé nítorí ipò Igbákejì tí ẹ̀gbọ́n wà, ìdájọ́ yìí ṣẹ́gun ẹgbẹ́ òun fúnra rẹ̀.

Nígbà tí oníkálukú wá ṣí káàdì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, a rí ohun kejì. Ará Ọ̀run wà lọ́wọ́ Ọ̀daràn tó pa ẹ̀gbọ́n. Ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́, kò sì lò ó, nítorí kí ló máa jẹ́ kí ó pe ẹni tí òun fúnra rẹ̀ pa padà wá bá òun jà? Ní gbogbo àkókò tí ẹ̀gbọ́n fi jókòó tó ń jẹ ẹ̀pà, àjíǹde rẹ̀ kò ju ìjókòó méjì lọ sí i.

Olùkọ́ ìṣirò kò janpata nítorí ikú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun ní gbogbo ọjà, ó yọ káàdì 20 tuntun kúrò, ó wá ń to 80 tó kù sílẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí àmì igun wọn. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 gẹ́lẹ́: ọkàn pupa 20, dáyámọ́ǹdì 20, kílọ́ọ̀bù 20, sípéèdì 20. Láàárín sípéèdì, àwọn tó wà láti orí 2 dé 9 jẹ́ 10. Ìyẹn ni pé ẹni tó ṣẹ̀dá eré yìí ti fi òṣùwọ̀n wọn oríire kí ó tó gbé e fún ayé: ìdá kan nínú 4 ni ọ̀nà àbáyọ kúrò nínú ẹ̀wọ̀n, ìdá kan nínú 4 ni ààbò Àgbá, ìdá kan nínú 8 sì ni ewu Dáínámáìtì.

Bí a bá wá da káàdì 20 tí kò ní àmì sínú rẹ̀, tí a sì tẹ̀lé èrò ayàwòrán, ọkàn pupa yóò di 20 nínú 100, ìdá kan nínú 5. Ẹ̀wọ̀n yóò le sí i, Àgbá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Dáínámáìtì yóò di 10 nínú 100, ìdá kan nínú 10, yóò máa yí tábìlì ká bí ẹni tó ń ṣe àbẹ̀wò. Bí a bá sì tẹ̀lé ìdájọ́ ẹ̀gbọ́n, tí a ń fo gbogbo èyí tí kò ní àmì, 20 nínú 80 ni ọkàn pupa yóò ṣì jẹ́. Ẹ̀gbọ́n kò ṣe ìṣirò kankan kí ó tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò yẹ̀ kúrò lórí òṣùwọ̀n àtètèkọ́ṣe. Ayàwòrán gbà bẹ́ẹ̀, ó sì bẹ àǹtí.

A rò pé ó parí síbẹ̀. Olùkọ́ ní kò parí. Ó ní kí a ka iye káàdì BANG! fúnra rẹ̀. Ó jẹ́ 25 nínú 80, díẹ̀ ló kù kó tó ìdá kan nínú 3. Pẹ̀lú káàdì 20 tí kò ní ìbọn nínú, ó ti di 25 nínú 100, ìdá kan nínú 4 péré. Èyí túmọ̀ sí pé ènìyàn yóò máa fa káàdì láìrí ọta yìn, Àmàlà yóò máa dá ẹ̀mí padà láàárín rẹ̀, eré yóò sì gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àfikún tí wọ́n ṣe kí òkú má baà jókòó pẹ́ ti wá mú kí ó jókòó pẹ́ sí i. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi wò, aago tí eré yẹn bẹ̀rẹ̀ àti aago tí ó parí wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn.

Ẹ̀yìn káàdì ni ọ̀ràn tó kàn, òun ló sì tini lójú jù. Ayàwòrán ti fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀yìn ọ̀kan nínú káàdì BANG! lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè, fọ́tò náà ni ó sì gbé lọ sí Ṣómólú. Ohun tó bọ́ jáde lára bébà líle náà dúdú díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, etí rẹ̀ nípọn, ojú rẹ̀ sì ń yọ̀ lábẹ́ ìka. Lójú ẹni tí kò fiyè sí i, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn Ọ̀daràn sọ fún wa, láìtijú, pé òun ti ń wo òkè ọjà kí òun tó yìnbọn sí ẹni tó ní Àgbá: bí òun bá rí èyí tó dúdú, òun mọ̀ pé ọkàn pupa kò lè jáde níbẹ̀, òun a sì yìn ín. Bí òun bá rí èyí tó mọ́, òun a wá ẹlòmíràn. Nínú eré tí gbogbo adùn rẹ̀ wà nínú ohun tí a kò mọ̀ nípa ara wa, kí ènìyàn máa ka ẹ̀yìn káàdì bí ìwé ìròyìn ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Àbá àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n padà lọ tẹ ẹ̀yìn náà dáadáa, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń yàwòrán ìwé dípò fóònù, kí àwọ̀ rẹ̀ lè bára mu. Agbẹjọ́rò kan tó wà láàárín wa ló tako èyí. Ó rán wa létí ẹjọ́ tí àwọn tó ni BANG! pè ní ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Texas. Eré kan wà láti ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní San Guo Sha, ti ilé-iṣẹ́ Yoka, tí ilé-iṣẹ́ ZiKo wá ń tà ní Amẹ́ríkà lábẹ́ orúkọ Legends of the Three Kingdoms. Òfin rẹ̀ jọ ti BANG! púpọ̀, láti orí ìpín ipò bòókẹ́lẹ́ títí dé iṣẹ́ tí káàdì kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ṣùgbọ́n àwọn jagunjagun ilẹ̀ Ṣáínà àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀ dípò àwọn oníbọn Amẹ́ríkà, àwòrán àti orúkọ rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Ní 2014, ilé-ẹjọ́ náà kọ̀ láti lé ẹjọ́ náà jáde. Ní 2016, ó dá ZiKo láre, ó ní òfin eré àti ìbáṣepọ̀ àwọn ipò inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ń dáàbò bò. Lóòótọ́, ìdájọ́ Texas kò de ilé-ẹjọ́ kankan ní Nàìjíríà. Àmọ́ òfin tiwa náà, Copyright Act ti 2022, kò fi ẹ̀tọ́ sórí èrò tàbí ọ̀nà tí a ń gbà ṣe nǹkan, ó sì ń dáàbò bo àwòrán.

Ohun tí agbẹjọ́rò fẹ́ kí a rí ni pé ibi tí ẹ̀rù ń ba àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kọ́ ni ewu wà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n nítorí pé wọ́n mú iṣẹ́ Ará Ọ̀run láti inú Ghost Town. Iṣẹ́ káàdì ni ìyẹn, ó sì ṣeé yá. Ẹ̀yìn káàdì tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, tí kò sí ẹni tó rò ó sí nǹkan kan, ni àwòrán tí ẹlòmíràn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà. Bí wọ́n bá ṣe tẹ̀ ẹ́ dáadáa tó ni wọ́n ṣe jẹ̀bi tó.

Àpò ọ̀rá ló yanjú ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń ta ohun èlò eré máa ń ta àpò pẹlẹbẹ fún káàdì, iwájú rẹ̀ mọ́ kedere, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú kirikiri. A ra èyí tó tó fún gbogbo ọjà, ti àtijọ́ àti ti tuntun. Kò sí ẹ̀yìn tí ojú lè rí mọ́, etí wọn dọ́gba lábẹ́ ìka, àwọn ọ̀dọ́ sì tún ẹ̀yìn káàdì tiwọn yà pẹ̀lú àwòrán afárá Ojúẹlẹ́gba, tí ẹnikẹ́ni kò lè béèrè lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá pín àfikún náà sí méjì. Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ 8 kúrò nínú ọjà pátápátá. Wọ́n dá dúró lọ́tọ̀ bíi ti High Noon, Ṣẹ́ríìfù ló ń ṣí ọ̀kan nígbà tí ó bá kàn án, láti ìgbà rẹ̀ kejì lọ. Nítorí pé wọn kì í wọ inú ọjà, wọn kò nílò àmì kankan ní igun wọn. Ní pàtàkì jù lọ, Ará Ọ̀run ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó lè fi í pa mọ́. Wọ́n sọ ọ́ di 2 nínú 8 náà, ó ń jáde nígbà tó bá tó àkókò tirẹ̀, ìbáà dùn mọ́ apànìyàn nínú, ìbáà má dùn mọ́ ọn. Ní tèmi, nínú gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ṣe, èyí ni mo kà sí jù. Ohun tí gbogbo ìlú nílò, kì í ṣe ọwọ́ ẹnì kan ló yẹ kó wà.

Àwọn 12 yòókù dúró nínú ọjà, ṣùgbọ́n wọ́n tún wọn ṣe. Oníkálukú gba àmì, 3 fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ọkàn pupa sì wá di 23 nínú 92, ìdá kan nínú 4 géérégé. Àmàlà bọ́ sábẹ́ ọkàn pupa, nítorí pé gbogbo Bíà wà níbẹ̀. Káàdì 4 nínú 12 náà ni wọ́n fi káàdì ìbọn rọ́pò, wọ́n pè é ní Ṣakabùlà: ọta rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yìn ín gbọ́dọ̀ sọ káàdì mìíràn nù pẹ̀lú rẹ̀. Springfield inú Dodge City ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tó ń yìnbọn wá di 29 nínú 92, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 25 nínú 80 dọ́gba. Dáínámáìtì nìkan ló fẹ́ dá ìjà mìíràn sílẹ̀. Kí ìdá kan nínú 8 tó pé, sípéèdì láti 2 dé 9 yóò ní láti jẹ́ 11 àti ààbọ̀ nínú 92, kò sì sí ààbọ̀ káàdì. Olùkọ́ ní 11 àti 12 jìnnà sí òtítọ́ bákan náà, òun kò lè yàn fún wa. Àǹtí ní kí ó jẹ́ 12. Ó fẹ́ràn kí nǹkan máa bú.

Láti ìgbà náà, àwọn tó bá tètè kú kì í sáré lọ mọ́, nítorí wọn kò mọ ìgbà tí wọn yóò pè wọ́n. Àròyé kan ṣì wà pé òkú tó padà wá lè fi ìgbà kan ṣoṣo tó ní pa Ṣẹ́ríìfù, a sì ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí. Kò sí ẹni tó ní kí àwọn alààyè má ṣọ́ra.

Agbèrò ló kù. Láàárín ẹni 7, gbígba káàdì lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni kò pọ̀ jù, 2 nínú 6 ni. Láàárín ẹni 4, 2 nínú 3 ni, ẹni tó bá sì rí Agbèrò fà lẹ́ẹ̀mejì ti sọ tábìlì di gáréèjì tirẹ̀. A pinnu pé Agbèrò méjèèjì kò ní wọ ọjà bí ènìyàn bá jẹ́ 4, ṣùgbọ́n olùkọ́ kò gbà kí wọ́n nìkan jáde, torí pé kílọ́ọ̀bù ni ọ̀kan, sípéèdì ni èkejì. Nítorí náà Ọ̀kadà kan tó jẹ́ dáyámọ́ǹdì àti Ṣakabùlà kan tó jẹ́ ọkàn pupa ń bá wọn jáde, ọjà á ku 88, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan á jẹ́ 22. Wọ́n ti tẹ òfin náà sórí pépà kékeré kan tó wà nínú páálí, lábẹ́ àwọn káàdì ìṣẹ̀lẹ̀.